Òkun Bàbá Yàkúbù

Ọwọ́ méjèèjì ni Hámzàt fi di etí ọkọ̀ mú. Sarat ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ ẹja òfìfo, ó ń wo bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe le gbagidi, ó sì ń yà á lẹ́nu. Ọkùnrin tó ní òun ti lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun rí ni omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ yìí ń dẹ́rù bà?

Àárọ̀ ni. Ìlú Àgbádárìgì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí lẹ́yìn wọn. Èéfín ń rú láti ẹ̀yìnkùlé Jemima, obìnrin Ègùn tó ń yan ẹja tà. Òun ló fún wọn ní yàrá kan pẹ̀lú ẹní méjì ní owó táṣẹ́rẹ́, tó tún dín in kù nígbà tí Sarat bá a yí ẹja lórí ààrò ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ẹ̀kọ tó gbé fún wọn láàárọ̀, ìdúró ni Sarat mu ún. Láti ojú fèrèsé ló ti rí omi tó ń dán, láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ kò ti gba ìjókòó mọ́.

Ọmọ Ìlọrin làwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Sábọ̀n Gàrí ní Sáríà ni wọ́n bí Sarat sí. Ibẹ̀ ló ti ń ta abọ́ tánganran, omi tó pọ̀ jù tí ojú rẹ̀ ti rí kò ju odò tó máa ń fà tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Oṣù tó kọjá, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979, ni Hámzàt fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n fún un ní páàsì ọ̀fẹ́ kan tó lè gbé tọkọtaya dé ibikíbi tí irin bá dé.

"Ìlọrin ni ká lọ," Hámzàt wí. "Ká lọ kí àwọn ẹbí."

"Àwọn ẹbí ń wá sọ́dọ̀ wa lọ́dọọdún," ni Sarat fèsì. "Òkun yín ni mo fẹ́ rí."

Òkun yín ló pè é, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Ní ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ọkùnrin méjì ló ń fẹ́ ẹ. Ọ̀kan ń ta obì, ó ní ilé, ó ní màlúù. Hámzàt kò ní ju ṣòkòtò kákí rélùwéè lọ. Ṣùgbọ́n ó ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì padà wá ròyìn òkun: omi tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀, tó tẹ́jú bíi díńgí, tó ń mí bíi màlúù tó ń sùn, tó sì gbé òun sókè nígbà tí òun lúwẹ̀ẹ́, bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ. Ìyàwó olóbì ì bá máa jẹ ẹran lójoojúmọ́. Sarat yan ẹni tó rí òkun. Nígbà tí wọ́n bí Yàkúbù àti àwọn àbúrò rẹ̀, ìtàn òkun náà ni bàbá wọn fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò nínú ọkọ̀ ojú irin, lórí ìjókòó onípákó, kí wọ́n tó wọ mọ́tò láti Èkó wá síbí. Ní gbogbo ọ̀nà, Hámzàt kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Sarat rò pé àárẹ̀ ni.

"Bàbá Yàkúbù," ó pè é báyìí, "ṣé òkun nìyí?"

Hámzàt kò bojú wẹ̀yìn. "Òun ni. Ṣé o rí i bó ṣe tẹ́jú?"

Ernest, àgbàlagbà tó ń tu ọkọ̀ náà, dá àjẹ̀ rẹ̀ dúró. "Bàbá, ọ̀sà nìyí. Òkun wà lódìkejì, lẹ́yìn àwọn igi àgbọn yẹn. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí kò lè ṣì í mọ̀."

Omi ń kán láti ẹnu àjẹ̀. Sarat rí i bí èjìká ọkọ rẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀, ohun gbogbo sì yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti ọkọ rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́sàn-án lé e.

"Ó ń dán mi wò ni," ó sọ fún Ernest. "Ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo máa ń fetí sílẹ̀ nílé."

Ernest rẹ́rìn-ín, ó sì ń tu ọkọ̀ lọ. Sarat fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí tí òun fi bò ó láṣìírí. Bóyá nítorí pé èèyàn kì í bá ọkọ ẹni jà lójú àjèjì. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò tíì ráyè bínú. Ó fẹ́ kọ́kọ́ rí òkun.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n sì gba inú yanrìn lọ láàárín àwọn igi àgbọn. Hámzàt ń rìn lẹ́yìn. Ohùn kan ń hó níwájú, ó ń lọ sílẹ̀, ó tún ń gòkè. Sarat kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ ojú irin ni, kó tó rántí pé irin kò dé ibí. Ó yára ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, obìnrin tó ti bí ọmọ mẹ́rin, tó ti ní ọmọ-ọmọ, ó ń sáré nínú yanrìn, ìborùn rẹ̀ já bọ́, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Igi àgbọn tán. Ilẹ̀ là sílẹ̀.

Kò tẹ́jú bíi díńgí rárá. Ó ń dìde ni. Omi ń ga bí ògiri, ògiri náà ń wó, òmíràn tún ń ga lẹ́yìn rẹ̀, funfun, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, títí dé ibi tí sánmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Sarat ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó sì wọ inú omi. Ìgbì kan lù ú ní itan, ilẹ̀ sá lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì jókòó wọ́ọ́ sínú omi. Omi wọ ẹnu rẹ̀. Iyọ̀! Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wúkọ́, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Kò rántí ọjọ́ tí òun ti rẹ́rìn-ín báyìí kẹ́yìn.

Ó wá bojú wẹ̀yìn. Hámzàt dúró níbi tí yanrìn gbígbẹ parí sí, bàtà rẹ̀ ní ọwọ́ kan, ìborùn ìyàwó rẹ̀ ní èkejì. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Sarat jáde lọ bá a, aṣọ rẹ̀ ń ro.

"N ò dé ibí rí," Hámzàt wí.

"Mo ti mọ̀, láti inú ọkọ̀."

"Inú ọgbà rélùwéè ni wọ́n fi wá sí. Ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo tí wọ́n fún wa láyè, ibà gbé mi dè. Nígbà tí mo padà dé Sáríà, bàbá rẹ béèrè bóyá mo rí òkun. Ìwọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, o gbé abọ́ omi dání, ò ń retí ohun tí mo máa sọ. N ò lè sọ pé rárá."

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ yín."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè yí i padà."

Sarat la ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n ẹnìkan ń ké sí wọn. Nísàlẹ̀ etí òkun, bí ogún èèyàn, ọkùnrin àti obìnrin, ń fa okùn gígùn kan tó wọ inú omi lọ. Obìnrin kan ń juwọ́ sí wọn. "Ẹ wá fà á! Ẹni tó bá bá wa fà á, á bá wa jẹ ẹ́!"

Ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀. Sarat gba okùn mú, Hámzàt sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọ̀n náà wúwo bí ẹni pé òkun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Oníkálukú ń fà bó ṣe wù ú, okùn kò sún mọ́ wọn. Hámzàt fara dà á díẹ̀. Ogún ọdún ló fi jẹ́ olórí àwọn tó ń gbé irin, ó mọ bí èèyàn púpọ̀ ṣe ń di ọ̀kan. Ó gbé ohùn sókè ní èdè Hausa, bó ṣe máa ń ṣe lójú irin Sáríà, pé kí wọ́n jọ fà á: "Mu ja!"

Àwọn apẹja wò ó. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè náà níbẹ̀.

"Mu ja!" Sarat náà gbè é, ó sì fà.

Nígbà kẹta, gbogbo wọn ti gbè é. Ogún ènìyàn Àgbádárìgì ń fi Hausa fa àwọ̀n, okùn ń bọ̀, ẹsẹ̀ ń wọ yanrìn, Hámzàt ń ké, ohùn rẹ̀ ń ga ju ti ìgbì lọ, títí àwọ̀n fi wọ́ dé ilẹ̀ tòun ti ẹja tó ń ta pọ́ún-pọ́ún bí owó fàdákà tuntun. Olórí apẹja fún wọn ní ẹja mẹ́rin. Obìnrin tó pè wọ́n yan án fún wọn. Sarat tú kúlíkúlí tó dì láti Sáríà, ó pín in yí ká, wọ́n sì fi àgbọn san án fún un. Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, àwọn méjèèjì jókòó sí ibi tí omi ti lè kan ẹsẹ̀ wọn. Sarat wá ìbínú nínú ara rẹ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Kò rí i.

"Yàkúbù àti àwọn àbúrò rẹ̀ máa béèrè," ó wí. "Kí la máa sọ?"

"Ìwọ ni kí o sọ ọ́ fún wọn," Hámzàt dáhùn. "Tèmi ti tó."

"Kò le." Sarat kọjú sí omi. Ó máa bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó rí orúkọ pè é, àwọ̀ náà ti yí padà. Ó gbìyànjú ohùn rẹ̀. Ó gbìyànjú bó ṣe tóbi tó. "Omi kan báyìí," ó wí, "tó…" Òun rèé níwájú òkun, iyọ̀ rẹ̀ ṣì wà ní ètè òun, kò sì rí ọ̀rọ̀ tó lè gbé e dé Sáríà.

Ó yíjú wo ọkùnrin tó jókòó tì í, tó fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kó òkun wọ yàrá wọn láìrí ẹ̀kán omi rẹ̀ kan. Hámzàt ń wò ó, ó gbé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ lé orúnkún, ó ń dúró.

"Tó kí ni?" ó béèrè jẹ́jẹ́.