Ọmọ Odó Láàárín Ìbọn

Ọkọ mi Uthaiah kì í pa kòkòrò lásán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ ojúṣe, oorun á kùn yín kó tó dákẹ́. Á ní èèyàn kò gbọdọ̀ pa ohun ẹlẹ́mìí àfi bí ojúṣe bá pè é, bó bá sì pè é, kó má fi falẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Nílé wa ní Kodagu, a kì í fọwọ́ kan ìbọn lásìkò tí a bá ń gbin ìrẹsì. Iwájú àwọn babańlá ló máa ń wà, nínú yàrá àdúrà, títí di òwúrọ̀ ọdún ìbọn. Ó ku ọjọ́ méjì kí ọdún náà pé nígbà tí Kariya, ajá tí Uthaiah fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, ya wọ àgbàlá, tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, tí ìfófòó bo ẹnu rẹ̀. Dìgbòlugi ni.

Bojamma, ọmọ-ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé màlúù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ajá náà kọrí sí. Mo sáré bọ́ sáàárín wọn pẹ̀lú ọmọ odó tí mo fi ń gún ìrẹsì, mo ti ọmọ náà sẹ́yìn mi, mo sì ké sí ọkọ mi pé kó gbé ìbọn.

Ó lọ lóòótọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ ṣe? Ó lọ fọ ẹsẹ̀. Ẹnì kan kì í fi ẹsẹ̀ ìdọ̀tí wọ yàrá àwọn babańlá. Mo ń gbọ́ omi tó ń dà lẹ́yìnkùlé, inú sì bí mi débi pé mo gbàgbé láti bẹ̀rù.

"Bàbá Somaiah," mo fi orúkọ ọmọ wa pe ọkọ mi, "ṣé òkú wa lẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ mímọ́ wá gbé ni?"

Kariya ti bù mí jẹ lójúgun kí Uthaiah tó gbé ìbọn yọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó pe ajá náà lórúkọ. Ajá náà ju ìrù. Ọkọ mi sì yìnbọn pa á.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àkọ́kọ́ nínú márùn-ún lọ́jọ́ náà. Uthaiah ní tirẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Pemmaiah, olórí ẹbí, pé kó sọ ètùtù tí òun máa ṣe nítorí òun gbé ìbọn ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

"Gbígbé ìbọn kọ́ lẹ̀ṣẹ̀ rẹ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ìyàwó rẹ wà lẹ́nu ikú, ìwọ ń fọ ẹsẹ̀. Òun ni kó o lọ bẹ̀."

Kò bẹ̀ mí. Ọjọ́ méjì gbáko, mò ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọdún, wọ́n to ìbọn sórí ẹní, òdòdó pupa kọ̀ọ̀kan lára wọn. Mò ń se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè mí. Ọmọ odó mi ló wà láàárín ìbọn, ojú eyín Kariya lára rẹ̀, òdòdó lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ń rẹ́rìn-ín. Uthaiah forí kanlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Èyí ló bá mi ṣe iṣẹ́ mi," ó ní. "Má bínú."

Mo fẹ́ bú u, ẹkún ló gbọ̀n mí. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo ní kó gbé e fún mi, ìrẹsì ṣì kù tí mo fẹ́ gún. Ẹrẹ̀ oko wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kò dúró fọ̀ wọ́n; ó gbé e wá lójú ẹsẹ̀.