Ẹran Tí Màmá Ń Pín Fún Àwọn Ọmọ

Alásè ni obìnrin náà. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣe bàtà ni ó ti ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn òṣìṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká nídìí ìkòkò. Àwọn tó ń rán bàtà á jẹun tán, wọ́n á tún fi ìka nu abọ́. Ọ̀gá wọn, tí ìyìn kì í bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ti sọ ọ́ rí pé bí kì í bá ṣe ti oúnjẹ obìnrin yìí, ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ òun ì bá ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń ro ìkòkò ńlá láti àárọ̀, kí ó tó délé, apá á ti kú. Oúnjẹ tó ń sè nílé kò jọ ti ibi iṣẹ́ rárá. Á sáré gbé ìrẹsì kaná, á sáré din ẹran, á sáré ge búrẹ́dì, torí ebi ń pa gbogbo wọn, àwọn ọmọ ò sì tíì wẹ̀, aṣọ iléèwé ọ̀la ò sì tíì gbẹ. Ìrẹsì náà a máa le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ẹran á gbẹ bí èèpo igi. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, kì í ráhùn. Á fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sin oúnjẹ wọ ikùn, ikùn náà sì ń yọ síwájú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi fẹ́ máa bá a wa ọkọ̀. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi, ẹ ò sì ní í bi mí pé kí ló dé. Àbúrò ni Àbígbẹ̀yìn.

Bí nǹkan ṣe wà nìyí tí ìyá awakọ̀ fi wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ ìyá náà ti kú, ilé tó ń dá gbé ti tóbi jù fún un, ọmọ rẹ̀ sì lọ fi bọ́ọ̀sì kó ẹrù rẹ̀ wá. Láàárín àwọn ojúgbà rẹ̀, A-rún-eegun ni orúkọ tí wọ́n ń pè é, torí bí ìyá yìí bá jẹ ẹran tán, ajá kì í rí nǹkan kan mú nílẹ̀.

Alásè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. "Màmá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé yìí. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó láyé yín. Ìjókòó ni tiyín."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó.

Nídìí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kìíní, Màmá mú ẹran inú abọ́ rẹ̀, ó gbé e sínú ti Àbígbẹ̀yìn. "Gbà, ìyá mi. Ọmọdé ló ń dàgbà." Ọmọ náà fò sókè. Ní ọjọ́ kejì, Ẹnu-ò-sinmi ló kàn. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ìyá náà á bu ìrẹsì díẹ̀ sẹ́nu, á fi ṣíbí yí ìyókù po, á ní òun ti yó, á sì pín in fáwọn ọmọ. Inú awakọ̀ ń dùn. Ó ń sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbùdókọ̀ pé ẹ wo ìfẹ́ ìyá àgbà sí ọmọ-ọmọ.

Ṣùgbọ́n ojú alásè kì í kúrò lára abọ́. Ó mọ ohun tó bù, ó sì mọ ohun tó ṣẹ́kù. Ó tún rí i pé bùbá Màmá ti ń ṣe gbẹ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ìró tó ń ró lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ ti ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá yín ò jẹ oúnjẹ mi," ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ó ń jẹ ẹ́ kẹ̀."

"Kò jẹ ẹ́. Ó ń pín in ni."

"Màmá fẹ́ràn àwọn ọmọ ni. Ṣé ìyẹn náà ló máa di ọ̀rọ̀?"

"Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ, ṣé ó kórìíra ikùn ara rẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ á pe ọ̀bọ ní ọ̀bọ. Oúnjẹ mi ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn."

Awakọ̀ yín ìmú, ó yí ojú sí ògiri. Ọkùnrin tó wà láàárín ìyá àti ìyàwó, bó bá gbọ́n, dídákẹ́ ló máa ń dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá ti rọlẹ̀, àmọ́ Ẹnu-ò-sinmi tiléèwé dé lọ́jọ́ kan, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ń rojọ́. "Mọ́mì, ẹ mọ̀ pé Màmá àgbà ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ obìnrin tó ń kiri? Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ́ sínú tíì oníṣúgà. Ṣíbí ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́! Wọ́n ní kí n má sọ."

Alásè ń bó àlùbọ́sà lọ́wọ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Àwọn tó ń jẹ oúnjẹ òun níbi iṣẹ́ ń fi ìka nu abọ́, ìyá ọkọ òun wá ń sá fún ọbẹ̀ òun lọ bá búrẹ́dì tútù. Ó wọ̀ ọ́ lára ju ọ̀rọ̀ èébú lọ. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló ń dúró dè.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó jí lọ sí ọjà, ó ra ẹran tó dára jù níbẹ̀, èyí tó ní ọ̀rá díẹ̀ àti eegun díẹ̀. Ó gbé e kaná, ó fi gbogbo ohun tó mọ̀ sí i. Òórùn ọbẹ̀ náà gba ilé kan, ó tún jáde sí òpópónà, aládùúgbò kan na ọrùn lójú fèrèsé, ó bèèrè bóyá wọ́n ń ṣe ìyàwó. Nígbà tí gbogbo wọn jókòó, alásè gbé abọ́ Màmá ka iwájú rẹ̀, ó fa àga, ó sì jókòó tì í.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́ lójú mi."

Màmá wo ẹran náà, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi abọ́ Àbígbẹ̀yìn bí ìṣe rẹ̀.

"Rárá o, Màmá. Tiyín nìyẹn. Ọmọ ti ní tirẹ̀."

"Ìyá Àbígbẹ̀yìn, rọra," awakọ̀ wí.

"Rọra kẹ̀? Màmá, bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ pè mí, ẹ bá mi wí. Ẹ kúkú lè nà mí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi oúnjẹ bá mi jà. Ẹ má jẹ́ kí n máa sè é, kí ẹ wá máa ra búrẹ́dì lójú títì."

Ẹnu-ò-sinmi bojú wo ilẹ̀. Màmá fa abọ́ náà mọ́ra. Ó mú ẹran náà, ó fi sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀gún. Omi kún ojú rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́, omi náà bọ́, kò nù ún. Alásè rò pé ẹkún ìbínú ni, ọkàn rẹ̀ sì tún le sí i. Àfìgbà tí ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu, tó yọ ẹran náà jáde, tí Àbígbẹ̀yìn lọgun pé, "Ẹ̀jẹ̀! Màmá àgbà ń ṣẹ̀jẹ̀!"

Ẹ̀jẹ̀ ni lóòótọ́. Ó ti pa ẹran náà láró, ààbọ̀ ehín kan sì wà lára rẹ̀.

Alásè kò mọ ìgbà tí òun kúrò lórí àga. Orí ìkúnlẹ̀ ló bá ara rẹ̀. "Ehín ni, Màmá? Ṣé ehín ni látọjọ́ yìí?"

"Ehín ni." Ohùn ìyá náà kò jáde dáadáa. "Ó ti tó ìgbà mélòó kan. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín ló ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ pé kí ni? Kí n dé ilé ọmọ mi lónìí, kí n ní lọ́la kí wọ́n máa bá mi lọ ẹran? Èmi A-rún-eegun?" Ó fi etí ìró nu ẹnu. "Ojú ló tì mí, ìyàwó mi. Oúnjẹ rẹ dùn. Òórùn rẹ̀ lásán ń pa mí nínú yàrá. Ẹnu ni kò gbà á."

Ìbínú tí alásè ń gbé kiri látọjọ́ yìí, ẹni tí ebi ń pa ló ń gbé e fún. Ó dìde lọ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó gbé e fún ìyá náà pé kó fi yọ ẹnu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì awakọ̀ gbàyè níbi iṣẹ́, ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà eléhín. Dókítà náà yọ àwọn tó ti bàjẹ́, ó ní èrìgì rẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi kí wọ́n tó lè ṣe ehín àtọwọ́dá fún un. Oúnjẹ tó rọ̀ ni kó máa jẹ. "Ṣùgbọ́n Màmá, tíì oníṣúgà àti búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ tó lè gbé yín ró o. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́, ìyẹn ni ẹran ara yín ń bèèrè."

Nílé, alásè dá ìkòkò kékeré kan sílẹ̀ fún Màmá. Ó se ọ̀dùnkún, ó gún un kúnná, ó gbé e wá nínú abọ́ tó lómọrí, nígbà tí àwọn tó kù ń jẹ ìrẹsì àti ẹran díndín wọn. Màmá jẹ díẹ̀, ó tì í síwájú.

"O ṣé, ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó síbẹ̀ ẹ ń jẹun, èmi jókòó síhìn-ín mo ń jẹ oúnjẹ aláìsàn. Kì í lọ lọ́fun mi."

Iṣẹ́ ìkòkò méjì náà sì ń pa alásè. Lọ́jọ́ tó ń bó ọ̀dùnkún tí oorun fẹ́ gbé e ṣubú sínú abọ́ èèpo, ó pe gbogbo ilé jọ.

"Ìkòkò kan náà ni gbogbo wa máa jẹ láti òní lọ. Ohun tí Màmá lè jẹ ni mo máa sè."

"Ehín tèmi ò mì o," awakọ̀ wí.

"Ehín yín ò mì, ikùn yín ló ń mì. Ìgbà wo lẹ rí ẹsẹ̀ ara yín gbẹ̀yìn?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu-ò-sinmi bèèrè pé ṣé àwọn náà ti wá di arúgbó ni. Awakọ̀ wo ikùn rẹ̀, ó fa ẹ̀wù bò ó.

"Àmọ́ oúnjẹ tó rọ̀ ń fẹ́ àkókò," alásè ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀wà ò mọ̀ pé ó rẹ̀ mí. Ìgbà wo ni kí n dé, ìgbà wo ni kó jinná?"

"Ta ló wà nílé lọ́sàn-án?" Màmá ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí i. "Ìwọ lo ní kí n jókòó. Mo ti jókòó títí ìdí ń ro mí. Ehín ló yọ, ọwọ́ ò yọ."

Alásè ti rò pé ìkẹ́ lòun ń kẹ́ ẹ.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kó tó jáde láàárọ̀, alásè á ṣa ẹ̀wà, á rẹ ẹ́ sómi. Ní ọ̀sán Màmá á gbé e kaná tó rọra ń jó. Bí Ẹnu-ò-sinmi bá tiléèwé dé, òun ló ń gé àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì, á máa sunkún lójú, á sì máa rojọ́ lẹ́nu. Awakọ̀ á ra ẹja bọ̀ láti ìbùdókọ̀ dípò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí alásè bá wọlé, ìparí ló kù fún un: á yọ eegun ẹja, á rẹ́ ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́, á dà á sí i gbẹ̀yìn kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa kú. Ẹran kò di èèwọ̀, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gé e, wọ́n á sì sè é títí á fi máa já fúnra rẹ̀. Ìrẹsì ń gba omi sí i, wọ́n sì ń dé e lómọrí títí á fi rọ̀.

Ọjọ́ kìíní kò tiẹ̀ lọ dáadáa rárá. Màmá gbé ẹ̀wà kaná, ó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ òun àti aládùúgbò kan sì wọ̀. Òórùn ló wá pè wọ́n. Nígbà tí alásè dé, ìyá náà dúró ti ìkòkò dúdú náà bí ọmọ tó fọ́ àwo.

"Ó ti jó, ìyàwó mi."

Alásè ṣí ọmọrí, ó wò ó, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, èyí kéré. Èmi ti jó ìkòkò ilé iṣẹ́ rí. Gbogbo wọn jẹ bísíkíìtì lọ́jọ́ yẹn." Ó po ẹyin mọ́ tòmátì àti ẹ̀fọ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi jẹun. Àwọn méjèèjì jọ ha ìkòkò náà, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ rí láti ọjọ́ tí Màmá ti dé.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan wá ń dán gbinrin. Wọ́n ń jà lórí iyọ̀: Màmá ní oúnjẹ náà tẹ́, alásè ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu-ò-sinmi ṣì ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níléèwé, ẹnu ara rẹ̀ ló sì tú u fó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá kún padà. Awakọ̀ fa bẹ́líìtì rẹ̀ wọ ihò inú, ó sì ń fi han ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè. Nígbà tí ehín àtọwọ́dá dé, Màmá ń wọ̀ ọ́ bí àlejò bá wà, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Bó bá kan oúnjẹ, á yọ ọ́ sínú ife. Ó ní òun ò lè jẹ́ kó ba adùn ẹnu òun jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, àlejò pọ̀ níbi iṣẹ́, alásè sì ro ìkòkò títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Òjò tún pa á lọ́nà. Bó ṣe wọlé, ilé ìdáná ló kọjú sí, àmọ́ Màmá dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Jókòó."

"Màmá, ẹ jẹ́ n kàn…"

"Mo ní kí o jókòó."

Àbígbẹ̀yìn gbé aṣọ ìnura wá. Màmá gbé abọ́ wá: ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́ tútù yọ̀yọ̀ lórí rẹ̀. Alásè gbà á sórí itan. Kò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni bu oúnjẹ fún un gbẹ̀yìn. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì na abọ́.

"Màmá, ó ṣẹ́kù?"

"Ó pọ̀ nílẹ̀." Ìyá náà gba abọ́ lọ. Kó tó bù ú dé, orí alásè ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àga, ó ti sùn lọ fọnfọn. Awakọ̀ na ọwọ́ sí abọ́ náà pé kó má bàa tutù lásán.

"Kì í ṣe tìẹ," Màmá wí, ó sì fi ọmọrí dé e.