Kọ́sítọ́ọ̀mù Ifọ̀ Ń Pè

Ẹ̀gbọ́n mi Bùrẹ́ímọ̀ kì í ra nǹkan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjì. Bó bá ti fẹ́ràn ọ̀kan, ó ti di tiwọn nìyẹn, bí ẹni tó wọ ẹgbẹ́. Fóònù rẹ̀, aago ọwọ́ rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ńlá tó gbé kọ́ ògiri ní Magboro, táblẹ́ẹ̀tì tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, àti ohun roboto kan lórí tábìlì tó máa ń sọ̀rọ̀ bí òyìnbó, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe gbogbo wọn. Ó ní ohun tó dára lára wọn ni pé wọ́n mọ ara wọn. Bí fóònù bá dún, aago á gbọ́. Bí aago bá gbọ́, tẹlifíṣọ̀n á mọ̀ sí i. Mo bi í pé ta ló rán wọn níṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀, Jamilah, ń rán kọ́tìnnì. Ilé tuntun ń hù ní Magboro lójoojúmọ́, gbogbo wọn ló sì ní fèrèsé, nítorí náà iṣẹ́ kò wọ́n ọn. Àyè ló wọ́n ọn. Inú pálọ̀ ló ti ń rán an, àlejò á jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga, abẹ́rẹ́ á sì gún un ní ìdí. Ohun kan ṣoṣo tí Jamilah ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé bàbá wa n'Íbàfò, èyí tó kọjú sí òpópónà márosẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ọwọ́ màmá wa, Wúlẹ̀mọ̀tù, tó ń gbé ní Ifọ̀, ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Màmá ti lé oníbúrẹ́dì kúrò níbẹ̀, ó ti lé ẹni tó fẹ́ máa so àgbò mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní ọjọ́ Àìkú tí mò ń sọ yìí, ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Magboro, òun á sì mú kọ́kọ́rọ́ náà dání. Kò sọ pé òun máa fún ẹnikẹ́ni. Mú dání ló sọ.

Bùrẹ́ímọ̀ fẹ́ kí orí ìyá rẹ̀ wú. Ó ti ra fóònù tuntun fún un ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ kan náà. Ó ní kí Màmá kàn pe Jamilah báyìí, kí gbogbo ilé sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan ló dí i lọ́wọ́: ó ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Ló bá fi akáǹtì Jamilah ṣí gbogbo rẹ̀, ti ilé àti ti fóònù Màmá.

"Ilé kan, akáǹtì kan," ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó wọlé ìbò. "Ṣé àwa náà á wá máa ti páswọ́ọ̀dù mọ́ ara wa ni?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ náà. Ìbàfò ni mò ń gbé, iléèwé aládàáni kan ni mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó ń da epo sí jẹnẹrétọ̀, ó wá pariwo láti ibẹ̀ pé, "Qudrah, jọ̀ọ́, bá mi pe Jamilah, ká wò ó bóyá ó connect!"

Mo pè é. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn, lẹ́tà funfun sì yọ síbẹ̀ gàdàgbà: ASỌ̀RỌ̀MÁGBÈSÌ Ń PÈ. Ohun roboto orí tábìlì náà pe orúkọ ọ̀hún, ó fi ahọ́n òyìnbó lọ́ ọ pọ̀, àmọ́ ó yé mi.

"Ṣé ó ń jáde?" ni Bùrẹ́ímọ̀ ń bi mí láti ẹ̀yìn ilé.

"Ó ń jáde!" ni mo fi dá a lóhùn. Orí mi ti gbóná.

Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó tó mọ àṣà kì í pe àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Gbogbo ẹni tó bá bá nílé ló máa fún ní orúkọ aládùn tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí Jamilah wọlé wa, ó kúnlẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní Adúmáadán ni òun á máa pè mí. Mo dúdú, mo sì ń dán. Mo fẹ́ràn orúkọ náà débi pé mo bọ́ yẹtí etí mi fún un lójú ẹsẹ̀. Àṣé orúkọ ẹnu ọ̀tọ̀, orúkọ inú fóònù ọ̀tọ̀! Rédíò ló pè mí. Èmi, tí mo máa ń fún èèyàn láàyè dáadáa láti sọ̀rọ̀ tí mo bá ti parí tèmi.

Jamilah sáré wá láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wò mí, orúnkún rẹ̀ sì ti kan ilẹ̀ kí n tó la ẹnu.

"Adúmáadán mi, ẹ jọ̀ọ́. Eré ni mo fi ṣe, I swear."

"Eré? Ẹni tó fi yẹtí mi sétí ló ń bá mi ṣeré?" Bí mo ṣe ń bínú lọ ni ìbéèrè kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Jamilah, kí lo wá pe Màmá?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. "Kọ́sítọ́ọ̀mù Ifọ̀," ló wí, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè.

Mo gbé ẹnu sínú tìmùtìmù, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ifọ̀ mọ bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe ń yẹ ẹrù wò níbẹ̀. Màmá wa gan-an nìyẹn. Kò sí báàgì tó máa wọlé tí kò ní í tú. Á ṣí ìkòkò, á ṣí fíríìjì, á ti ọwọ́ bọ àpò ìrẹsì dé ìsàlẹ̀. Ohun tó sì kórìíra jù láyé ni indómì. Ó ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ jẹ ohun tó jọ okùn. Bùrẹ́ímọ̀ náà rèé, bí kò bá jẹ ẹ́, oorun kì í kùn ún.

Jamilah kò bá mi rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, tí Màmá bá rí i, ṣọ́ọ̀bù ti lọ nìyẹn," ó ní.

Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó pa Kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ́, ó kọ Ìyá Wa Àtàtà sí i. A mí kanlẹ̀. Kí a tó mí tán, táblẹ́ẹ̀tì orí àga dún. Ó ti rí i pé fóònù gbàgbé nǹkan, ó sì rán an létí: Kọ́sítọ́ọ̀mù padà dé. Jamilah pa á rẹ́ lórí táblẹ́ẹ̀tì, aago ọwọ́ Bùrẹ́ímọ̀ tó wà lórí tábìlì gbé e wá. Ó pa á rẹ́ nínú aago, tẹlifíṣọ̀n dá a padà. Wọ́n mọ ara wọn lóòótọ́. Mi ò tíì rí ibi tí ìrẹ́pọ̀ ti burú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n lára ògiri. Bùrẹ́ímọ̀ wọlé, ó ní ta ló ṣe irú èyí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti wáyà náà bọ ògiri padà. Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ la gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà: "Àsàlámù aléékúmù!"

"Ẹ má sọ nǹkan kan o, Àǹtí," ni Jamilah sọ sí mi létí. Mo búra fún un pé mi ò ní í la ẹnu. Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ mo ti rí ìka ọmọ náà tí abẹ́rẹ́ gún káàkiri, mo sì fẹ́ kí ó rí ṣọ́ọ̀bù yẹn gbà.

Màmá wọlé, àwa obìnrin kúnlẹ̀ kí i, Bùrẹ́ímọ̀ dọ̀bálẹ̀. Màmá tú báàgì mi wò kí ó tó jókòó. Ó lọ sílé ìdáná, a gbọ́ ìró ọmọrí ìkòkò, ó padà wá. Kọ́kọ́rọ́ náà wà létí ìró rẹ̀ tó fi ta kókó, ojú Jamilah kò sì kúrò lára kókó yẹn.

"Qudrah."

"Mà."

"Kí ló dé tí o dákẹ́?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"Àbí ara ẹ ò yá ni?" Màmá wò mí, ó wo Jamilah, ó tún wò mí. Ìrànlọ́wọ́ tí mò ń ṣe gan-an ló ń tú àṣírí wa. Láti ọjọ́ tó ti bí mi, kò tíì gbọ́ ìdákẹ́ mi rí.

Bùrẹ́ímọ̀ kò tiẹ̀ rí nǹkan kan. "Màmá, ẹ gbé fóònù yín, ẹ pe ìyàwó yín. Ẹ máa rí wonder lónìí."

"Ẹ jẹ́ kí Màmá jẹun ná," ni Jamilah wí.

"Network ò dáa," lèmi wí. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, mo ní kí Màmá lọ kírun Àsárì ná. Màmá ní oòrùn ṣì wà láàárín orí, kí ló ń ṣe mí gan-an? Ó sì tẹ fóònù náà.

Gbogbo ilé dún. Aago ń ké, táblẹ́ẹ̀tì ń ké, ohun roboto ń pariwo orúkọ náà léraléra, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e jáde láti ògiri dé ògiri: KỌ́SÍTỌ́Ọ̀MÙ IFỌ̀ Ń PÈ. Bùrẹ́ímọ̀ ṣì na ọwọ́ sí i bí ẹni tó ń fi ọjà hàn. Ẹ̀rín gan sí i lẹ́nu.

Màmá mú awò ojú rẹ̀ jáde, ó fi sójú, ó kà á. Ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó tún un kà.

"Ṣé èmi kọ́ ni mò ń pè yìí?"

"Ẹ̀yin ni, mà," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí, "àmọ́ ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ló..."

"Dákẹ́."

Jamilah ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni, Màmá. Èmi ni mo kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò bá mi mọ̀ sí i. Ẹ dárí jì mí." Ẹkún tòótọ́ ló ń sun, nítorí ó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ti bọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé Asọ̀rọ̀mágbèsì.

Màmá dìde, ó lọ tààrà síbi òkìtì aṣọ kọ́tìnnì tó wà ní kọ̀rọ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó sì fa páálí indómì kan jáde. Bùrẹ́ímọ̀ di ojú. Màmá gbé páálí náà sáàárín pálọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé e.

"Láti Iléyá ni mo ti mọ ibi tó wà," ló wí. "Mo ní kí n máa wò yín." Ó wá yí sí Jamilah. "Nígbà tí mo délé bàbá wọn, mo sọ ìyá ọkọ mi náà lórúkọ. Agogo Ìdájí. Kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Inú mi ni mo ti ń pè é títí ó fi kú, nítorí mo bẹ̀rù rẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí. Mo sì mọ̀ pé obìnrin yẹn ì bá rẹ́rìn-ín."

Èjìká Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. A kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, ó rín in títí awò ojú fi bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ rò pé kí ni mò ń wá nínú báàgì yín?" ló wí nígbà tí ẹ̀rín náà rọ̀. "Ilé dá ní Ifọ̀. Bí mo bá tú báàgì, mo mọ ohun tí ẹ ń jẹ. Bí mo bá bi yín, ẹ ó ní kò sí nǹkan, mà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, mo sì wo ilẹ̀. Màmá tú kókó etí ìró rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí Jamilah lọ́wọ́.

"Kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ ní bódà. Ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ni ẹnu ọ̀nà. Mò ń kó bọ̀ wá sí yàrá ẹ̀yìn ilé yẹn n'Íbàfò, láràárọ̀ ni mo máa jókòó síbẹ̀."

Mo rí ayọ̀ lójú Jamilah, mo sì rí ìpayà, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bùrẹ́ímọ̀ ní kí Màmá jẹ́ kí òun tú àwọn ẹ̀rọ náà ká, kí òun ṣí akáǹtì tiwọn fún wọn lọ́tọ̀.

"O ò gbọdọ̀ tú wọn ká," ni Màmá wí. "Qudrah, wá bá mi yí orúkọ ìyàwó wa padà nínú fóònù mi." Ó sọ orúkọ tuntun náà sí mi létí, mo sì kọ ọ́.

Màmá ti wà n'Íbàfò báyìí, lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń tú báàgì àwọn oníbàárà. Mo bẹ Màmá kí ó bá mi kọ Adúmáadán mi padà sínú fóònù, ó ní òun ò lè parọ́ fún tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí Jamilah bá sì pe ọkọ rẹ̀, yálà ó wà nílé tàbí nínú ọkọ̀ lọ́nà Èkó, aago, táblẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n á jùmọ̀ gbé e jáde: FÀYÀWỌ́ Ń PÈ. Èyí tí Màmá kọ dúró, ó jọ pé àwọn ẹ̀rọ náà mọ ẹni tó ni ilé. Jamilah ti pa á rẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Táblẹ́ẹ̀tì rán an létí.