Róbà Tí Kò Sí Lọ́jà

"Ìyá, ẹ gbé róbà yín kúrò lórí ọjà mi! Ọkọ̀ tó ń lo irú èyí, wọn ò tíì ṣe é láyé!"

"Ayé wo? Ṣé o ti rìn ín dé òpin ni? Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó nínú ọkọ̀ tó ń lò ó. Bí o kò bá ní in, sọ pé o kò ní in, má fi ariwo bo ìsọ̀ òfìfo rẹ mọ́lẹ̀!"

Múnírátù ló ń fèsì bẹ́ẹ̀, ojú oorun ló sì wà. Ó mọ̀ pé ọjà pààtì ọkọ̀ ni òun wà, nítorí ó rí táyà, ó rí irin, ó gbọ́ òórùn gírísì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ìyẹ̀fun, àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì so rọ̀ lókè bí àgbàdo tí wọ́n so mọ́ àjà. Kò sí oòrùn, síbẹ̀ gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ rekete. Ọlọ́jà tó ń bá a jà kò ní ojú tí èèyàn lè dá mọ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń lọ.

Ọwọ́ Múnírátù ni róbà náà wà. Búṣì ni wọ́n ń pè é, róbà roboto tó máa ń wà nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí irin má baà máa ha irin. Láti ìgbà tó ti jẹ tán lẹ́sẹ̀ iwájú Pijó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, oṣù mẹ́ta gbáko. Bí gbogbo ayé ti ń ra pààtì ni òun náà ṣe ń wá a: ó mú àlòkù dání, ó lọ bá ọlọ́jà pé kó bá òun wá èkejì rẹ̀. Ó dé Ìsẹ́yìn, ó dé Ọ̀yọ́, ó dé Ìbàdàn. Àwọn kan yí i wò síwá sẹ́yìn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan tiẹ̀ bi í bóyá inú ẹ̀rọ ata ló ti yọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀, Jímọ̀ ti kò. Láísì, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti sọ ọ́ lójú ẹbí pé bí ọkọ̀ náà kò bá dìde títí wọn yóò fi kírun Jímọ̀ tán, òun yóò kó àwọn onírin àlòkù wá gbé e. Bí wọ́n bá gbé e, ó di pé kí Múnírátù máa bẹ onímọ́tò kiri kó tó lè kó gbágùúdá rẹ̀ wálé láti oko. Òun tó fúnra rẹ̀ kọ́ ọkọ̀ wíwà, tí àwọn awakọ̀ ọkùnrin ń yà fún lójú títì.

"Mú un wá kí n wò ó."

Múnírátù kò yíjú. Nínú ọyẹ́ tó kọjá ni wọ́n sin ẹni tó ni ohùn yẹn.

"Bàbá Kúdírá," ó pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹyẹ fò.

Bùsàrí ọkọ rẹ̀ ló jókòó sórí táyà lọ́ọ̀rì kan, nínú bùbá iṣẹ́ rẹ̀ tí epo ọkọ̀ ti sọ di dúdú. Ọlọ́jà ti pòórá, ariwo rẹ̀ náà ti bá a lọ. Bùsàrí gba búṣì, ó gbé e sétí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ló ní kó o máa gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ fi wé ti òyìnbó?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ ta?"

"Ìyá Kúdírá, èmi ni mo gé e. Ara táyà ni mo ti gé e. Mo ní kí n fi gbé wa dé oko lọ́jọ́ kan péré, kí n tó rí ojúlówó rà."

"Ọdún mọ́kànlá lẹ̀ ń pè ní ọjọ́ kan? Ẹ wá jẹ́ kí àwọn ọlọ́jà ìlú mẹ́ta fi mí ṣẹ̀fẹ̀!"

"Ó ṣáà ń gbé wa lọ."

Múnírátù fẹ́ bú u bó ṣe máa ń bú u. Èébú náà ti dé ètè, ó sì yọ́ dànù síbẹ̀.

Bùsàrí ti na ọwọ́ sí abọ́ omi ọṣẹ. Ó ri ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ó fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú bó ti máa ń ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gé táyà. Ọ̀bẹ ń kọjá lára rẹ̀ láìdún. Ó fi àtàǹpàkò wọn ihò àárín rẹ̀, ó tún ri ọ̀bẹ bọ omi, ó tún gé e. Omi tó ń kán nìkan ni Múnírátù ń gbọ́.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé," ó ní. "Ẹ wá bá mi ṣe é. Láísì ń bọ̀."

Ọkọ rẹ̀ kò wo ojú rẹ̀. Ó nu ọ̀bẹ náà, ó yí èèkù rẹ̀ síwájú, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbóná, kò sì tutù.

"Omi," ó ní. "Má jẹ́ kí ọ̀bẹ gbẹ."

Múnírátù lajú. Orí ẹní ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó fẹ̀yìn lélẹ̀ sí lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Oòrùn ti yọ dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Búṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ó mú un, ó fi èékánná ha á, ó ha á títí gírísì ọdún mọ́kànlá fi ṣí, òwú funfun sì yọjú lábẹ́ rẹ̀, òwú inú táyà.

Ó jókòó, ó ń wò ó. Òun gan-an ló bu omi ọṣẹ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń gé e. Ìjà ló ń bá a jà, ìjà tí kò tiẹ̀ rántí ìdí rẹ̀ mọ́, kò sì wo ohun tí ọwọ́ ọkùnrin náà ń ṣe. Oṣù mẹ́ta ló ti ń gbé ohun tí kò ní èkejì kiri ọjà, tó ń bínú sí ọlọ́jà pé wọn ò ní in.

Ó dìde, ó bu omi ọṣẹ sí abọ́, ó sì wá ọ̀bẹ àti àlòkù táyà.

Nígbà tí Láísì fi máa dé pẹ̀lú àwọn onírin, ẹsẹ̀ Múnírátù méjèèjì nìkan ló kù síta lábẹ́ ọkọ̀.

"Ìyàwó wa, jáde lábẹ́ irin yẹn. Àwọn tó fẹ́ gbé e ti dé."

"Ọkọ mi, ẹ kú Jímọ̀. Ṣé irin ni wọ́n wá gbé?"

"Irin náà ni."

"Ìkòkò irin mi kan ti lu, ó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìyẹn."

Àwọn onírin bú sẹ́rìn-ín. Láísì kò rín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, ó rí róbà dúdú tuntun tó ti wọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé ìdajì.

"Ta ló bá ẹ ṣe é?"

Múnírátù gbé òòlù. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, róbà sún wọlé díẹ̀.

"Mo ní ta ló bá ẹ ṣe é?"

Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbá òógùn kúrò lójú, ó na apá sẹ́yìn dé ibi tí ilẹ̀ gbà á dé, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ lù ú. Búṣì wọlé dé ìdí, gbì.