Ìyá Aláriwo Lórí Àgbélébùú

Lọ́dọọdún tí ìjọ bá ń ṣe eré ikú Olúwa, Ìyá Aláriwo ni olórí àwọn tó ń kígbe, "Kàn án mọ́ àgbélébùú!" Ohùn rẹ̀ a máa jí ọmọ ọwọ́. Lọ́dún yìí, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló ṣe àgbélébùú tuntun, ọkùnrin náà kì í sì í gbé iṣẹ́ jáde láìjẹ́ pé èèyàn dán an wò.

"Ìyá àwọn ọmọ, wá dùbúlẹ̀. Bó bá gbà ọ́, kò sẹ́ni tí kò ní í gbà."

"Ìdí mi lẹ̀ ń bú yẹn!" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó dùbúlẹ̀, ó na apá méjèèjì. Igi kérora.

"Má dìde. Ìṣó kan ṣì kù."

Ó gbójú sókè. Ọkọ rẹ̀ dúró lé e lórí, òòlù lọ́wọ́, ìṣó lẹ́nu. Igi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò, ṣùgbọ́n ara obìnrin náà ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Àṣé ohùn òun ló ń rán òòlù yẹn níṣẹ́ lọ́dọọdún!

"Bàbá wọn, ẹ gbé e sílẹ̀! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

"Kí ló dé? Èmi mà nìyí."

"Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bẹ̀rù."

Lọ́jọ́ eré, wọ́n mú ẹni tó ń ṣe Jésù wọlé. Gbogbo ojú yí sí Ìyá Aláriwo pé kó bẹ̀rẹ̀. Ó lanu, ohùn ò jáde. Ó kàn di àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà.