Orúkọ Ìyá Mindwell

Nígbà tí Roxana Pell fi gun àtẹ̀gùn ilé akọ̀wé ìlú tán, orúnkún rẹ̀ ti ń ké. Ọdún kẹsàn-án nìyí tí ó ti ń tọ ipasẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ Connecticut. Mindwell Tozer ni obìnrin náà, ìyá ńlá ìran wọn, tí a bí nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba níbẹ̀. Gbogbo ẹbí ni ó mọ baba Mindwell. Ìyá rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àyè orúkọ ìyá náà ṣófo nínú Bíbélì ìdílé, òfìfo náà sì ti di ẹ̀sín. Ọdọọdún, níbi oúnjẹ Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ni Lavinia, ọmọ ẹ̀gbọ́n baba Roxana, máa ń sọ pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣa Mindwell, bí ẹni ṣa ápù tí ó já bọ́.

Amasa, baba Roxana, ti pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ní òun kò fẹ́ kú kí àyè náà ṣì ṣófo.

Ẹ̀dà ìwé ìbí àti ikú ìlú yìí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí ó wà ní ilé ìkàwé, ni Roxana ti ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti rí Experience, aya Tozer tí ó jẹ́ baba Mindwell, tí ó kú ní ogúnjọ́ oṣù Jánúárì ọdún 1702. Ṣùgbọ́n oṣù Nòfẹ́ḿbà ọdún 1702 ni wọ́n bí Mindwell. Òkú kì í rọbí. Bí ó ṣe ti Experience sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyá mìíràn kiri. Lónìí, kò sí ìlú tí ó kù fún un láti wá mọ́. Ó kàn fẹ́ fi ojú kan ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, kí ó lè sọ fún baba rẹ̀ pé òun ti wò ó tán.

Orrin Beebe, akọ̀wé ìlú, arúgbó tí ó mọ baba rẹ̀ dáadáa, gbé ìwé náà wá, ó sì ṣí i. Ìbí Mindwell ni ó wà lókè ojú ewé. Nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, ni ikú Experience wà.

“Ẹni tó kọ èyí ṣàṣìṣe,” ni Roxana wí. “Ó kọ ti Jánúárì sábẹ́ ti Nòfẹ́ḿbà.”

Orrin bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ọmọ Amasa, kò ṣàṣìṣe rárá. Láyé tiwọn, oṣù Máàṣì ni wọ́n ń ṣọdún tuntun. Nòfẹ́ḿbà á kọ́kọ́ dé, Jánúárì á tẹ̀lé e, ọdún kan náà sì ni; Jánúárì yẹn ni àwa ń pè ní ti 1703.”

Roxana fi ìka kà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ni ìyá náà fi gbé ọmọ rẹ̀ dání.

“Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀?”

“Gbogbo akọ̀wé ló mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo rin ìlú méjìlá tó ò yà sọ́dọ̀ mi. Àbí oníbàtà ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?”

Roxana ti máa ń rò pé òun yóò ké lọ́jọ́ tí òun bá rí i. Ẹsẹ̀ nìkan ni ó ń ro ó.

Nílé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún baba rẹ̀ létí ààrò.

“Kò dúró rí eyín ọmọ ẹ̀,” ni Amasa wí. “Ta ló wá fún un lọ́mú?”

“N ò mọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán mi.”

“N ò rán ẹ. Gbé Bíbélì wá.”

Roxana kọ orúkọ Experience sí àyè tí ó ṣófo. Ó kọ ogúnjọ́ Jánúárì, ó kọ 1702, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ó fa ìlà kékeré kan, ó kọ 1703 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Amasa bi í léèrè ìdí tí òkú kan ṣoṣo fi ní ọdún méjì.

“Kí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lè sinmi ni,” ni ó dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tú okùn bàtà rẹ̀.