Ènì Àlùbọ́sà Sùrájù

Ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lápá òsì, kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ni Suwebat bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra àlùbọ́sà ní ọjà Kétu. Ká má purọ́, ọmọ náà rẹwà. Ẹwà ọ̀hún tiẹ̀ máa ń bí mi nínú, torí bó bá ti ń kọjá, kò sẹ́ni tó tún ń wo ata mi.

Sùrájù tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ló ń tà fún un. Ahun paraku ni Sùrájù. Bí o bá tọrọ ènì, èèpo ni yóò bù fún ọ. Ṣùgbọ́n bí Suwebat bá ra abọ́ kan, ènì rẹ̀ á kún abọ́ méjì.

Alhaja Ajarat, àǹtí Sùrájù tó tọ́ ọ dàgbà, figbe ta.

“Sùrájù, Màmíwọ́tà nìyẹn o! Ta ló mọlé ẹ̀? Ṣé o fẹ́ lọ ṣọkọ nísàlẹ̀ odò Ògùn ni?”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni.” Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

“Ó dáa, wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Bó bá kanlẹ̀, èmi fúnra mi á lọ tọrọ ẹ̀. Bí ò bá kanlẹ̀, o ò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.”

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjà, tó gba àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wẹ̀yìn, á rí àwọn tí kì í ṣe èèyàn. Ẹsẹ̀ wọn kì í kanlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Suwebat ra tirẹ̀, ó gba ènì, ó ń lọ. Sùrájù kẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀. Ṣòkòtò bọ́ńgò tó fún un pinpin ya fàà nídìí. Kò bìkítà. Ó rí ẹsẹ̀ méjì, ẹrẹ̀ ṣù mọ́ gìgísẹ̀ wọn. Àárín ẹsẹ̀ yẹn náà ló ti rí ojú Suwebat, gèlè ń gbálẹ̀, tó ń wo òun náà.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú,” ni Suwebat wí, lórí ìbẹ̀rẹ̀. “Màmá mi ló ní kí n wò yín. Wọ́n ní ọlọ́jà tí ènì ẹ̀ ju ọjà lọ ò lè jẹ́ èèyàn.”

“Ẹsẹ̀ mi ńkọ́?”

“Ó kanlẹ̀.”

“Tìẹ náà kanlẹ̀!”

Alhaja, tó ti ń wò wọ́n láti ìsọ̀ mi, mí kanlẹ̀. “Màá lọ tọrọ ẹ̀. Dìde, ìdí ẹ ti wà níta.”

Wọ́n ṣègbéyàwó, Suwebat sì bọ́ sídìí àtẹ ọkọ rẹ̀. Mo ra abọ́ àlùbọ́sà kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó fi ènì sí i.

“Ènì kẹ̀?” ló wí. “Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún máa bẹ̀rẹ̀ wò mí ni?”